Nọ́ńbà Àìròtẹ́lẹ̀ Tó Ṣeé Tún Rí: Ìfiwéra Àwọn Apèsè fún Ẹni Tó Fẹ́ Yan Ọ̀kan

Ẹ ṣí Python, èdè ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà, kí ẹ kọ random.seed(42) (42 yìí ni seed, nọ́ńbà tí ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀), kí ẹ sì béèrè nọ́ńbà kan láàrin 0 àti 1 lọ́wọ́ rẹ̀: 0.6394267984578837 ni yóò fi dá yín lóhùn. Ẹ béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ NumPy, láíbúrérì (àkójọ àṣẹ) ìṣirò fún Python, lẹ́yìn np.random.seed(42), yóò ní 0.3745401188473625. Àṣẹ tuntun inú NumPy kan náà, default_rng(42), yóò mú 0.7739560485559633 wá, nígbà tí R, èdè ìṣirò mìíràn, yóò mú 0.914806 wá ní tirẹ̀. Kò sí èyí tó ṣìnà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé bí ẹ bá tún béèrè lọ́la, ohun tí kálukú wọn sọ lónìí ni yóò tún sọ. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé mẹ́ta nínú wọn, ìyẹn Python, àṣẹ àtijọ́ ti NumPy àti R, ọ̀nà ìṣirò kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, èyí tí a ń pè ní Mersenne Twister. Ọ̀nà kan, seed kan, èsì mẹ́ta.

Ìdí nìyí tí ìfiwéra yìí kò fi ní dúró lórí orúkọ ọ̀nà ìṣirò nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ kí èsì òun ṣeé tún rí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan mẹ́rin dúró sójú kan: seed fúnra rẹ̀, bí a ṣe ń sọ seed yẹn di ipò tí apèsè (ètò tó ń pe nọ́ńbà wọ̀nyí jáde) yóò ti bẹ̀rẹ̀, ìṣirò tí apèsè ń fi kúrò lórí nọ́ńbà kan bọ́ sórí òmíràn, àti bí a ṣe ń sọ nọ́ńbà tó jáde di ohun tí a fẹ́ lò, yálà iye kan láàrin 1 àti 100 ni o, tàbí àkójọ orúkọ tí a fẹ́ dà rú. Orí ìkẹta ni àríyànjiyàn sábà máa ń dá lé. Ìkejì àti ìkẹrin ni mo sì ti rí i pé ó máa ń bàjẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.

Bí apèsè ṣe ń ṣiṣẹ́

Nọ́ńbà tí à ń sọ yìí kì í ṣe ti kèké. Ìṣirò ló ń bí i, ẹni tó bá sì mọ ìṣirò náà tó tún mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ti mọ gbogbo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. A lè ṣe irú rẹ̀ kékeré lórí ìwé. Ẹ mú nọ́ńbà kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, ẹ fi 3 kún un, ẹ fi 16 pín in, kí ẹ sì mú ìyókù. Bí 7 bá jẹ́ seed, ìlọ́po rẹ̀ márùn-ún jẹ́ 35, ó di 38 pẹ̀lú 3, nígbà tí a bá sì yọ 16 méjì kúrò níbẹ̀, ó ku 6. Láti orí 6 a ó kan 1, láti orí 1 a ó kan 8, lẹ́yìn náà 11, 10, 5, 12, 15, 14, 9, 0, 3, 2, 13, 4, kí a tó tún padà kan 7. Nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún ló jáde láìsí èyí tó jáde lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn èyí ni ìyípo náà tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá kàn fojú wò ó yóò sọ pé ó rí rúdurùdu tó. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò: 7 kò ṣeé pín sí méjì, 6 ṣeé pín, 1 kò ṣeé pín, 8 ṣeé pín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí dé òpin. Bí ènìyàn bá fi apèsè yìí ṣe ìdánwò jíju owó, tó ka nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì sí orí, orí àti ìrù yóò máa tẹ̀lé ara wọn láìyẹsẹ̀. Irú àbùkù báyìí wà nínú gbogbo apèsè tó bá ń lo ìṣirò yìí pẹ̀lú ìpín tó jẹ́ agbára méjì: bíìtì (ẹyọ 0 tàbí 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà) ìsàlẹ̀ pátápátá kò ní ju kó máa yí padà láàrin 0 àti 1 lọ.

Àwọn apèsè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Apèsè | Ìwọ̀n ipò rẹ̀ | Gígùn ìyípo | Ibi tí ẹ ó ti bá a |
|---|---|---|---|
| Ìṣirò onílọ́po ti Java | bíìtì 48 | 2^48 | java.util.Random |
| Mersenne Twister, 1998 | bíìtì 19,937 | 2^19937 − 1 | Python, R, C++ |
| PCG64, 2014 | bíìtì 128 | 2^128 | NumPy tuntun |
| xoshiro256, 2018 | bíìtì 256 | 2^256 − 1 | Julia |
| Philox4x32, 2011 | òǹkà bíìtì 128, kọ́kọ́rọ́ bíìtì 64 | òǹkà 2^128 | PyTorch (láíbúrérì) lórí GPU (káàdì ìṣirò) |

Ìṣirò onílọ́po ni èyí tí a ṣe lórí ìwé lókè yìí. D. H. Lehmer ló dá a lábàá ní 1949, ó sì wà káàkiri títí di òní nítorí pé ó yára, kò sì gba ààyè. Ewu rẹ̀ wà nínú nọ́ńbà tí a bá fi ń sọ nǹkan di púpọ̀. Ní àwọn ọdún 1960, apèsè kan wà lórí kọ̀ǹpútà IBM tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ RANDU, tó ń lo ìlọ́po 65539. Nítorí pé 65539 jẹ́ 2^16 tí a fi 3 kún, nọ́ńbà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju ìlọ́po mẹ́fà èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìlọ́po mẹ́sàn-án èyí tó ṣáájú ìyẹn kúrò, tí a sì fi 2^31 pín in fún ìyókù. Bí a bá to nọ́ńbà RANDU ní mẹ́ta mẹ́ta bí ojúàmì nínú àpótí, orí pẹpẹ 15 péré ni gbogbo wọn ń bọ́ sí, ìyókù àpótí náà á sì ṣófo. Ti Java sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bíìtì òkè nìkan ló ń fi síta, ó sì ń fi tìsàlẹ̀ pamọ́. Síbẹ̀, n kò ní fi ṣe àfarawé ńlá.

Makoto Matsumoto àti Takuji Nishimura ló ṣe Mersenne Twister. Òun ló gba gbogbo ìlú fún ogún ọdún, kò sì sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tó bá ṣì ń lò ó fún ìṣirò. Ó kàn wúwo díẹ̀ ni, nítorí nọ́ńbà 624, oníbíìtì 32 kọ̀ọ̀kan, ló gbọ́dọ̀ gbé kiri, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó báìtì 2,500. Ẹni tó bá sì rí 624 nínú ohun tó fi síta, ní títẹ̀léra àti láìgé nǹkan kan kúrò lára wọn, lè ṣírò gbogbo èyí tó kù. PCG, tí Melissa O'Neill ṣe, àti xoshiro, tí David Blackman àti Sebastiano Vigna ṣe, kéré gan-an sí i, wọ́n sì yára. Ní ti gígùn ìyípo, ẹ má jẹ́ kí 2^19937 yẹn dẹ́rù bà yín: 2^128 ti pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà kankan lè lò tán lọ.

Philox yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Kò ní ipò kankan tó ń ti ìgbésẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ óò fún un ní kọ́kọ́rọ́ àti òǹkà, yóò sì po wọ́n pọ̀ di nọ́ńbà. Bí ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà ẹlẹ́ẹ̀kan mílíọ̀nù, òǹkà rẹ̀ ni ẹ óò fún un tààrà, láìkọ́kọ́ pe èyí tó ṣáájú rẹ̀. Threefry, tí láíbúrérì JAX ń lò, jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Inú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti jọ jáde ní 2011. Fún iṣẹ́ tí a pín sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹṣírò káàdì GPU, n kò rí ohun tó dára tó ìdílé yìí.

Ìlérí tí èdè kọ̀ọ̀kan ṣe

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Apèsè lè dára títí, kí ẹ̀dà tuntun láíbúrérì sì yí èsì yín padà ní òru ọjọ́ kan.

Ẹ wo Python. Pẹ̀lú seed 42, Python 2.7 àti Python 3 jọ ń mú 0.6394267984578837 wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè nọ́ńbà odindi láàrin 1 àti 100, Python 2.7 yóò ní 64, Python 3 yóò sì ní 82. Ohun tó fà á kò le: èyí àtijọ́ ń sọ 0.639 di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ó ń gé ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, ó sì ń fi 1 kún 63 tó kù. Láti Python 3.2 ni wọ́n ti pa ìyẹn tì, tí wọ́n ń mú bíìtì ní tààrà láti inú apèsè, tí wọ́n sì ń sọ èyí tó bá ju ààlà lọ nù, nítorí pé ti àtijọ́ ń ṣojúsàájú fún àwọn nọ́ńbà kan. Ohun tí Python fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni random.random() nìkan. Àwọn àṣẹ yòókù lè yí padà.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí R ní 2019, nígbà tí ẹ̀dà 3.6.0 jáde. Kí ìgbà náà tó dé, set.seed(42) tí a fi sample mú ẹyọ kan láàrin 1 àti 100 ń mú 92, ẹ sì lè rí orísun rẹ̀: 0.914806 lọ́nà ọgọ́rùn-ún jẹ́ 91.48, a sì gbé e lọ sókè. Lẹ́yìn ẹ̀dà náà, 49 ló ń jáde. Runif, àṣẹ tó ń mú 0.914806 wá, kò yí padà rárá. Ẹni tó bá fẹ́ tún èsì ìwádìí tó ti pẹ́ rí gbọ́dọ̀ fi Rounding sí sample.kind, R yóò sì kìlọ̀ fún un pé ọ̀nà àtijọ́ ló ń tọ̀. Mo gbóríyìn fún wọn lórí èyí, nítorí wọ́n tún àṣìṣe ṣe láìti ilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ àná.

C++ ni ẹ̀tàn rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Láti 2011 ni ìlànà èdè náà ti sọ bí mt19937, Mersenne Twister tirẹ̀, ṣe gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ débi pé ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé nọ́ńbà ẹlẹ́ẹ̀ẹ́gbàárùn-ún rẹ̀, bí a kò bá fún un ní seed kankan, gbọ́dọ̀ jẹ́ 4123659995. Kò sí ìlérí tó dájú tó báyẹn. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà kò sọ bí àwọn àṣẹ ìpín, bí i uniform_int_distribution àti normal_distribution, tàbí std::shuffle tó ń da àkójọ rú, yóò ṣe lo nọ́ńbà yẹn, nítorí náà kóòdù kan náà pẹ̀lú seed kan náà lè mú èsì méjì wá lórí Linux àti Windows. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó bára mu níbi gbogbo, ẹ lo mt19937, kí ẹ sì kọ ìyípadà sí iye odindi fúnra yín.

Java wà ní ìdà kejì. Ìwé àlàyé java.util.Random kọ ìṣirò náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìlọ́po rẹ̀, 25214903917, àti àfikún rẹ̀, 11, ó sì pa á láṣẹ pé gbogbo Java gbọ́dọ̀ mú nọ́ńbà kan náà wá. Apèsè tí kò lágbára tó báyìí, tí ìlérí rẹ̀ sì dúró ṣinṣin, wúlò fún ìdánwò kóòdù ju apèsè ńlá tí ẹnikẹ́ni kò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ.

NumPy pín ìlérí sí méjì ní 2019, ní ẹ̀dà 1.17. RandomState, tó jẹ́ ti àtijọ́, ni wọ́n dì bí yìnyín: kò ní tún yí padà. Generator, tó wà lẹ́yìn default_rng, yára jù, ó sì dára jù, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ kedere pé àwọn yóò máa tún un ṣe, àti pé nọ́ńbà tó ń ti inú rẹ̀ jáde lè yí padà láti ẹ̀dà kan sí òmíràn. Julia sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì fi í hàn ní ẹ̀dà 1.7, nígbà tó pa Mersenne Twister tì tó sì gba xoshiro. StdRng inú Rust náà kò ṣèlérí ohunkóhun, nítorí náà ẹ pe apèsè pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, bí i ChaCha8Rng, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ti Go yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún: títí di 2023, ẹni tí kò fún un ní seed ń rí nọ́ńbà kan náà lójoojúmọ́, bí ẹni pé 1 ni seed rẹ̀, láti ẹ̀dà 1.20 ni Go ti ń yan seed fúnra rẹ̀, gbogbo ìdánwò tó sì gbára lé àṣà àtijọ́ yẹn ló fọ́.

Ní ti C, rand lè yàtọ̀ láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ní ti JavaScript, Math.random kò gba seed rárá. Ẹ gbé apèsè tiyín wá síbẹ̀.

Seed kan fún gbogbo ilé, tàbí apèsè kan fún kálukú

Àṣẹ bí i random.seed ń fi seed sínú apèsè kan ṣoṣo tí gbogbo kóòdù jọ ń lò. Ó rọrùn, kò sì burú fún ìwé kékeré tí ẹnì kan ń kọ. Ṣùgbọ́n bí láíbúrérì kan tí ẹ kò mọ̀ bá yọ nọ́ńbà kan ṣoṣo láti inú rẹ̀, gbogbo èyí tó kù ti sún síwájú, èsì yín ti yí padà nìyẹn láìsí pé ẹ fọwọ́ kan ohunkóhun. Èmi a máa dá apèsè sílẹ̀ lórúkọ, n ó sì máa fi lé àṣẹ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. JAX kò tilẹ̀ fúnni ní ọ̀nà mìíràn: kọ́kọ́rọ́ ni ènìyàn ń pín, tó sì ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Tó bá di pé a pín iṣẹ́ sórí ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀, ọ̀rọ̀ yìí á le sí i. Bí a bá ti fún apèsè ní seed kí á tó da iṣẹ́ náà kọ sí mẹ́jọ, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni yóò máa pe nọ́ńbà kan náà, ìṣirò wa yóò sì dà bí ẹni pé ó pọ̀ nígbà tó jẹ́ ohun kan ni a tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹjọ. NumPy ní SeedSequence, tí spawn rẹ̀ ń bí seed fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ara seed kan. Xoshiro256 ní àṣẹ tó ń fo ìgbésẹ̀ 2^128 lẹ́ẹ̀kan. Philox kò sì béèrè ju kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀ fún kálukú lọ.

Ohun tí seed kò lè tún ṣe

Mo ti fi odidi ọjọ́ kan wá apèsè tó ń da iṣẹ́ mi rú, láìmọ̀ pé kò sí ẹ̀bi lọ́rùn apèsè kankan. Mo kó orúkọ jọ sínú set (àkójọ tí kò ní ètò) ní Python, mo sì fi seed dà wọ́n rú, síbẹ̀ èsì ń yàtọ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá tún un ṣí. Láti Python 3.3 ni ètò ọ̀rọ̀ inú set ti ń yí padà láti ìgbà kan sí òmíràn, àyàfi tí a bá fi iye kan sí PYTHONHASHSEED. Apèsè mi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ. Àkójọ tí mo ń gbé fún un ni kì í wà ní ètò kan náà. Ẹyọ àṣẹ sorted kan ló yanjú rẹ̀. Orúkọ fáìlì tí a kà láti inú fódà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lórí GPU, ìṣòro mìíràn wà: àròpọ̀ nọ́ńbà ẹlẹ́sẹ̀ẹ́mewàá ń yí padà díẹ̀ bí ètò tí a fi rò wọ́n pọ̀ bá yí padà, káàdì kì í sì í rò wọ́n ní ètò kan náà nígbà gbogbo. PyTorch ní use_deterministic_algorithms fún èyí, ó sì lè mú kí iṣẹ́ falẹ̀.

Èwo ni kí a wá mú?

Bí ohun tí ẹ ń ṣe bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà, kọ́kọ́rọ́ ìpamọ́ tàbí ohunkóhun tí ọ̀tá kò gbọ́dọ̀ mọ̀, ẹ fi gbogbo apèsè inú tábìlì òkè yìí sílẹ̀, kí ẹ sì lo ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, bí i secrets ní Python. Láàrin 2006 àti 2008, àtúnṣe kan nínú OpenSSL, ètò tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ìpamọ́, ti Debian (irú Linux kan) jẹ́ kí ó ku nọ́ńbà ìdánimọ̀ prósẹ́ẹ̀sì nìkan tó ń ṣiṣẹ́ seed, iye kọ́kọ́rọ́ tó ṣeé ṣe fún irú kan sì di 32,768. Kọ̀ǹpútà kan lè gbìyànjú gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Fún ìdánwò kóòdù tó gbọ́dọ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, RandomState, java.util.Random tàbí mt19937 láìsí àṣẹ ìpín ni mo máa mú. Fún ìṣirò ìwádìí tuntun, PCG64 nínú default_rng ni, pẹ̀lú ẹ̀dà NumPy tí a kọ sílẹ̀. Fún iṣẹ́ GPU, Philox tàbí Threefry ni.

Ẹni tó ń da páálí káàdì 52 rú gbọ́dọ̀ tún ro ìwọ̀n seed rẹ̀: ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 × 10^67, seed oníbíìtì 32 kò sì lè bí ju 4,294,967,296 lọ nínú wọn. Kò burú kí 42 jẹ́ seed ìdánwò. Fún ìwádìí, ẹ ṣe é pẹ̀lú seed bí i mẹ́wàá tí ẹ ti kọ sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì fi gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí kóòdù fúnra rẹ̀ tẹ ìlà kan sókè fáìlì èsì, irú èyí: Python 3.12, NumPy 1.26, PCG64, seed 20417, òṣìṣẹ́ 8 láti inú SeedSequence, orúkọ tí a tò kí a tó dà wọ́n rú.